Ta Ni Ara Tù? Bí ìtàn kíkọ ṣe gba ẹ̀gbọ́n kan lọ́wọ́ ìtìjú tí kò ní ẹnu

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: ara tù mí. Ẹni tó ni ín fi mí ṣe àbúrò, ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì máa pè wọ́n níbí. Oṣù méjì ni wọ́n fi gbé gbólóhùn náà sínú kí wọ́n tó sọ ọ́ sí mi létí. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣépè fún ènìyàn.

Wọ́n ti ka àkọsílẹ̀ yìí láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n yọ ibi méjì tí wọn kò fẹ́ kí ayé rí kúrò, wọ́n ní kí n gbé ìyókù jáde. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bá àwọn tó ń kọ ìtàn ka ohun tí wọ́n kọ, kí n sì fi ibi tí ìtàn ti ń tiro hàn wọ́n. Èmi kì í ṣe dókítà, bẹ́ẹ̀ ni n kò kọ́ ìmọ̀ ìwòsàn ọkàn. Ohun tí mo rí ni mo kọ.

Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀gbọ́n fi tọ́jú ìyá wọn. Àrùn tó ń jẹ ìrántí ló mú ìyá. Ní ọdún àkọ́kọ́, orúkọ nǹkan ló ń bọ́ lọ́wọ́ ìyá. Ní ọdún kẹta, ọ̀nà láti yàrá dé ilé ìwẹ̀. Ní ọdún karùn-ún, ojú ọmọ. Orí ibùsùn ni ọdún tó gbẹ̀yìn. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà mọ́, àwọn nọ́ọ̀sì máa ń ní kí a máa bá a yí i ní wákàtí méjì méjì, kí egbò má baà dá sí i lára níbi tó fi lélẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń ṣe é tọ̀sán tòru. Aago mọ́kànlá, aago kan, aago mẹ́ta, aago márùn-ún. Wọ́n sọ fún mi pé nígbà tó yá, ohun tó ń jí àwọn kì í ṣe aago mọ́. Etí ló ń jí ṣáájú ara, láti gbọ́ bóyá ìyá ṣì ń mí.

Ìyá a sì máa béèrè pé, “Ìwọ ta nìyẹn?” Ìgbà tí a kò lè kà lójúmọ́. Ẹ̀gbọ́n á ní, “Èmi ni, ọmọ yín.” Bí ìyẹn bá da ìyá láàmú, wọ́n á ní, “Nọ́ọ̀sì ni mí.” Lọ́jọ́ míì ẹ̀wẹ̀, “Ọ̀rẹ́ yín ni mí.” Ìdáhùn tó bá ti lè mú kí ìyá padà sùn ni wọ́n ń fún wọn.

Ìdájí ọjọ́ kan ni ìyá jáde láyé. Ní òru tó tẹ̀lé e, ẹ̀gbọ́n sùn fún wákàtí mọ́kànlá. Nígbà tí wọ́n la ojú, kí wọ́n tó rántí ohunkóhun, yàrá dákẹ́, oòrùn ti wọlé, apá wọn kò ro wọ́n, wọ́n sì rò ó nínú ara wọn pé, ara tù mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rántí ohun tó fà á.

Ọ̀fọ̀ ìyá ń dùn wọ́n, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ ní ẹnu. Ènìyàn lè sunkún lójú gbogbo ayé, wọn á bá a sunkún, wọn á pa á lẹ́kún. Ìtura ni kò ní ẹnu. Àwọn tó wá kí wọn ń sọ pé, “Ìyá ti lọ sinmi.” Ẹ̀gbọ́n ní nígbàkigbà tí àwọn bá gbọ́ ọ, ohun kan a dáhùn nínú àwọn pé, “Èmi náà,” ìtìjú a sì bo àwọn láti orí dé ẹsẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló gbà kí òkú sinmi. Ta ló fún alààyè láyè?

Bẹ́ẹ̀, ìtura yìí kì í ṣe àjèjì. Richard Schulz àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde ní 2003. Wọ́n ti tẹ̀lé ènìyàn 217 tó ń tọ́jú ẹbí wọn tó ní irú àrùn yìí, títí aláìsàn náà fi kú. Nínú olùtọ́jú 100, 72 ló sọ pé ikú náà jẹ́ ìtura fún àwọn. Àwọn tó gbà pé ìtura ló jẹ́ fún olóògbé fúnra rẹ̀ lé ní 90. Mo ka nọ́ńbà wọ̀nyí sí ẹ̀gbọ́n létí lórí fóònù. Inú mi ń dùn, mo rò pé oògùn ni mo gbé lọ́wọ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

“Àwọn yẹn,” ni wọ́n wí, “kì í ṣe ọmọ ìyá mi.”

Kí wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi, wọ́n ti ń kọ̀wé. Ẹnì kan ló ní kí wọ́n tú inú wọn sórí ìwé, kó lè fúyẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi kọ ọ́ lálaalẹ́, lórí ibùsùn, kí wọ́n tó sùn. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé náà fún mi kà, ojú ìwé kejì àti ogójì jọ ara wọn bí ìbejì. “Kí ló dé tí mo fi burú báyìí? Irú ọmọ wo ni mí? Kí ló dé?” Ìbéèrè náà ń yí po lójú kan, kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá láti dá a lóhùn. Oorun wọn ti wá burú ju bó ṣe wà kí wọ́n tó gbé bíírò lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sọ pé “kọ ọ́ sílẹ̀, ara á tù ọ́” ń tọ ipasẹ̀ James Pennebaker, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, bóyá wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ tàbí wọn kò mọ̀ ọ́n. Ní 1986 ni òun àti Sandra Beall tẹ ìwádìí wọn jáde: akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 46, ìṣẹ́jú 15 lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́rin tẹ̀léra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà: ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn tó kọ ohun búburú tó ṣẹlẹ̀ sí wọn pọ̀ mọ́ bó ṣe rí lára wọn banú jẹ́ sí i ní kété tí wọ́n kọ̀wé tán, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn tilẹ̀ lọ sókè. Ní àwọn oṣù tó tẹ̀lé e ni èrè rẹ̀ wá hàn, nítorí wọn kò lọ sí ilé ìwòsàn ọmọ ilé-ìwé tó àwọn yòókù. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni máa kọ ọ́ lálaalẹ́ títí ìwé á fi kún.

Kò sì bá gbogbo ènìyàn mu. Joanne Frattaroli kó ìwádìí 146 lórí irú ìkọ̀wé yìí jọ ní 2006. Ó rí àǹfààní nínú rẹ̀, àmọ́ àǹfààní tó kéré ni. Nínú ìwádìí tí Margaret Stroebe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2002, kíkọ̀wé kò mú kí ọ̀fọ̀ àwọn tí èèyàn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú yára fúyẹ́. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ti David Sbarra ní 2013, lórí àwọn tí ìgbéyàwó wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ká. Àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ inú wọn, wọn kì í yé rò ó. Kíkọ ìmọ̀lára sílẹ̀ tún wá dá kún tiwọn ni. Bí mo ṣe ń kà á, ojú ìwé ogójì ẹ̀gbọ́n ni mo ń rí.

Mo ní kí wọ́n pa ìwé náà dé.

“Ṣé kí n má kọ nǹkan mọ́ ni?”

“Rárá o. Ẹ kọ ìtàn.”

Iṣẹ́ mi ló kọ́ mi ní ìyẹn. Ìwé tí ènìyàn ń tú inú rẹ̀ sí kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtàn a máa béèrè. Ta ló dúró níbo? Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Iná wà ní yàrá àbí kò sí? Ẹni tó dùbúlẹ̀, kí lòun rí láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí? Ènìyàn kò lè kọ ọ́ sínú ìtàn pé “obìnrin yìí burú” kí òǹkàwé sì gbà á bẹ́ẹ̀. Yóò ní láti fi ìwà hàn án. Bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwà kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lè wá rí i pé ẹ̀rí tó fẹ́ fi dá ara rẹ̀ lẹ́bi kò tó.

Ìwádìí kan sì tún fún mi nígboyà. Ní 1996, Melanie Greenberg, Camille Wortman àti Arthur Stone ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan kọ nípa ìpọ́njú tó bá àwọn fúnra wọn, kí àwọn mìíràn kọ nípa ìpọ́njú tí kò bá wọn rí, bí ẹni pé ó bá wọn, kí ẹgbẹ́ kẹta kọ nípa nǹkan tí kò ní láárí. Láàárín oṣù kan, àwọn tó kọ ti àròsọ lọ rí dókítà nítorí àìsàn níye ìgbà tó kéré sí ti ẹgbẹ́ kẹta yìí. Ìpọ́njú tí ènìyàn hun láti inú ara rẹ̀ lè kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé ẹrù tìrẹ gan-an. Bó ṣe yé mi sí nìyẹn.

Àríyànjiyàn wa àkọ́kọ́ wáyé lórí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó kéré jù nínú èdè wa. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ bí ẹni pé ẹlòmíì ni: obìnrin kan, ìyá arúgbó kan, yàrá kan. Wọ́n kọ ìlà mẹ́rin, wọ́n dúró, wọ́n pè mí.

“Àbúrò mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ pe ìyá mi ní ‘ó’?”

Ẹni tó ń sọ Yorùbá mọ ìṣòro náà. Ọmọ kì í sọ nípa ìyá rẹ̀ pé “ó jí” tàbí “ó sùn”. “Wọ́n jí” ni, “wọ́n sùn” ni. Ní gbogbo ọdún mẹ́fà yẹn, nígbà tí ìyá kò mọ ọmọ mọ́, tí ìyá kò mọ orúkọ ara wọn mọ́, “wọ́n” kò bọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ kan. Ohun gbogbo ni àrùn gbà lọ́wọ́ ìyá, àyàfi ọ̀wọ̀ tó wà nínú sílébù kan ṣoṣo yẹn. Èmi ni mo wá ń sọ pé kí wọ́n mú un kúrò.

“Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ìyá yín ni,” mo ní. “Ìyá arúgbó inú ìtàn ni. Ẹni tó ń pìtàn ló dàgbà jù nínú ìtàn ara rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò lè pè ní ‘ó’ níbẹ̀.”

Wọn kò fèsì. Ní ọjọ́ kẹta, ojú ìwé kan wọlé sórí fóònù mi. “Ó” ni wọ́n lò, fún ìyá àti fún ọmọ.

Àwọn olùwádìí ti wo nǹkan tó jọ èyí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Ethan Kross àti Ozlem Ayduk fi yẹ̀ ẹ́ wò bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí bí ènìyàn bá sún sẹ́yìn, tó wo ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹlòmíì. Ọkàn kì í gbóná tó ìgbà tó bá tún rì sínú rẹ̀. Sherlock Campbell àti Pennebaker náà tẹ ọ̀kan jáde ní 2003: àwọn tí ara wọn le sí i lẹ́yìn tí wọ́n kọ̀wé ni àwọn tí arọ́pò-orúkọ wọn ń yí láti ọjọ́ kan sí èkejì, tí wọn kò jókòó sórí ẹyọ kan. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn yẹn fi kọ tiwọn. “I” àti “she” kò mọ ohun tó ń ná ọmọ Yorùbá láti fi “ó” rọ́pò “wọ́n”.

Ìlànà wa kò pọ̀. Ìṣẹ́jú ogún lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́rin, kí wọ́n sì fi ìyókù ọ̀sẹ̀ sinmi. Kí wọ́n má kọ ọ́ lórí ibùsùn, kí wọ́n má sì kọ ọ́ lálẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ gbé wọn lọ, kí wọ́n dìde kúrò nídìí rẹ̀. Pennebaker fúnra rẹ̀ máa ń kìlọ̀ pé: èyí tó bá fẹ́ kọjá agbára rẹ, fi í sílẹ̀, kọ òmíràn.

Ó fẹ́ kọjá agbára wọn lọ́jọ́ kẹta ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n pè mí, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹkún nìkan ni mo gbọ́. Aago mẹ́ta òru ni wọ́n ń kọ nípa rẹ̀, ọwọ́ wọn tó wọ abẹ́ ẹ̀yìn ìyá, bí egungun ìyá ṣe rí lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n bọ́ sí ìta, kí wọ́n rìn, kí wọ́n má kọ nǹkan kan títí di Ọjọ́ Ajé. Mo sì bi wọ́n tààrà bóyá èrò láti pa ara wọn lára wà nínú wọn. Wọ́n ní rárá. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ilé ìwòsàn là bá gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ìtàn ì bá sì dúró dìgbà míì. Kí ẹni tó bá ń ti ẹlòmíì lẹ́yìn nínú irú iṣẹ́ yìí má tijú láti béèrè.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ìtàn kan dé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Nínú rẹ̀, ìyá arúgbó náà la ojú, orí rẹ̀ pé bíi ti àtijọ́, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. “Ọmọ mi, mo mọ gbogbo ohun tí o ṣe fún mi. Mo dárí jì ọ́. Ìwọ náà, lọ sinmi.” Ó dára létí. Mo sunkún nígbà tí mo kà á. Lẹ́yìn náà mo pè wọ́n, mo ní irọ́ ni.

Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣì ń dùn mí. Mo ní, “Ìyá tó wà lójú ìwé kìn-ín-ní kò mọ ẹni tó dúró tì í. Ta ló wá kọ́ eléyìí ní ọ̀rọ̀ ìdáríjì?”

“Ṣé o fẹ́ kí n máa jìyà lọ ni?” Wọ́n pa fóònù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀.

Mo ro ọ̀rọ̀ yìí títí nínú ọ̀sẹ̀ méjì náà. Bí àròsọ kan bá mú kí ènìyàn rí oorun sùn, kí ló kàn mí bó bá jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́? Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìdáríjì sí ẹnu ẹlòmíì kò lè gbàgbé ọwọ́ tó kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ló padà fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní alẹ́ tí àwọn kọ ọ́, àwọn sùn. Alẹ́ kejì, àwọn kò lè sùn, nítorí ohùn ara àwọn ni àwọn ń gbọ́ lẹ́nu ìyá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ojú ìwé kan wọlé láìsí ìkíni. Wọ́n gbà kí n da apá tó gbẹ̀yìn rẹ̀ kọ síbí:

“Aago mẹ́ta. Obìnrin náà ti apá bọ abẹ́ ẹ̀yìn arúgbó náà, ó yí i kọjú sí ògiri. Ìrọ̀rí bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mú un. Nígbà tó fi máa dìde, arúgbó náà ti yí ọrùn padà, ó ń wò ó.

‘Ìwọ ta nìyẹn?’

Obìnrin náà di ìrọ̀rí mọ́ àyà. Kò ní ọmọ ni òun. Kò ní nọ́ọ̀sì ni òun.

‘Èmi ni ẹni tó ti rẹ̀.’

Arúgbó náà wò ó, ó pẹ́.

‘Ó rẹ èmi náà.’

Obìnrin náà fi ìrọ̀rí sípò. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀kan ṣoṣo ló ń mí nínú yàrá náà. Ara tù ú.”

Iṣẹ́ mi ti mọ́ mi lára. Mo fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, mo pè wọ́n. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ‘ú’ yìí? Ta ni ara tù, ẹni tó kú ni àbí ẹni tó ṣẹ́kù?”

Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé ìlà ti já.

“Mi ò mọ̀,” ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà, ohùn wọn yàtọ̀: “Má fọwọ́ kàn án. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí, n kò sì rò pé ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní a fi “wọ́n” sílẹ̀ fún ìyá. “Ara tù mí” ń dúró lápá kan, “ara tù wọ́n” ń dúró lápá kejì, ọmọ sì gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan, kó fi èkejì pamọ́. Nínú ìtàn, “ó” ni àwọn méjèèjì. Schulz béèrè lọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú bóyá ikú náà tu àwọn lára, ó tún béèrè bóyá ó tu olóògbé lára: ìbéèrè méjì, nọ́ńbà méjì. Fáwẹ́lì kan ni ẹ̀gbọ́n fi gbé méjèèjì. Ìtura tiwọn kò jẹ́ olè tó jí nǹkan lára ikú ìyá mọ́. Ó jókòó ti ìtura ìyá, lórí ìjókòó kan náà.

Wọ́n mọ̀ dájú pé ìyá kò sọ “ó rẹ èmi náà” rí. A sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn dáadáa, nítorí n kò fẹ́ kí àròsọ di ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí ti ìdáríjì. Láti inú ohun tí wọ́n ń wá ni wọ́n ti mú ìdáríjì jáde. Àárẹ̀ ìyá, ojú wọn ni wọ́n fi rí i: ara tó ti dùbúlẹ̀ fún odidi ọdún kan, tí kò lè bu omi mu, tí kò lè yí ara rẹ̀ padà. Ọwọ́ wọn ti mọ ìwúwo àárẹ̀ yẹn. Ìtàn kàn yá a lẹ́nu ni.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn náà, láìjẹ́ pé mo ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣí ìwé àtijọ́ náà. Ìlà méjì ni wọ́n kọ sí i: “Ara tù mí nítorí ó ti rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí nítorí mo dúró.” Mo padà wo ogójì ojú ìwé tó ṣáájú. N kò rí “nítorí” ẹyọ kan níbẹ̀, “kí ló dé” ló kún ibẹ̀. Pennebaker, Tracy Mayne àti Martha Francis ti kọ nípa rẹ̀ ní 1997, nínú iṣẹ́ kan lórí ọ̀fọ̀: ibi tí ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka ìdí àti ọ̀rọ̀ tó ń fi òye hàn bá ti ń pọ̀ sí i láti ọjọ́ dé ọjọ́, ibẹ̀ ni ara ti ń yá. Mo ti mọ ìwádìí yẹn tipẹ́. N kò tíì rí i lójúkojú rí, pẹ̀lú ìkọ̀wé ẹni tí mo fẹ́ràn.

N kò ní sọ pé ìtàn nìkan ló ṣe é. Láti oṣù kejì ni ẹ̀gbọ́n ti ń lọ rí olùgbani-nímọ̀ràn kan ní ilé ìwòsàn. Ọjọ́ sì ń gorí ọjọ́, ọjọ́ náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. N kò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára èkejì.

Ohun kan tún wà tí n kò retí. Nígbà tí ìtìjú lọ sílẹ̀, ọ̀fọ̀ gòkè. Ó dà bí ẹni pé ìtìjú ló ti ń dí ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n sunkún ìyá wọn ní oṣù karùn-ún ju bí wọ́n ṣe sunkún ní oṣù àkọ́kọ́ lọ, ìyá tó gbọ́n, tó mọ orúkọ gbogbo ọmọ, tí àrùn ti gbà lọ ṣáájú ikú. Bí ẹ bá ń ran ẹnì kan lọ́wọ́, tí ẹkún rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tí ẹ rò pé ó ti bọ́, ẹ má yára sọ pé iṣẹ́ náà bàjẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò wọn ọkùnrin, tó wà lọ́nà jíjìn ní gbogbo ọdún mẹ́fà náà, kò tíì ka ìtàn yìí. Wọ́n ní àwọn kò tíì ṣetán. N kò tì wọ́n.

Oṣù keje rèé. Mo bi wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá wọ́n ṣì ń jí ní aago mẹ́ta. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, lọ́pọ̀ òru. Etí kò tíì gbọ́ pé iṣẹ́ ti parí. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á dìde, wọ́n á lọ dúró ti ibùsùn tó ṣófo náà títí ilẹ̀ á fi mọ́.

“Ní báyìí ńkọ́?”

“Mo máa ń yí ara mi padà,” wọ́n ní, “mo sì máa ń sùn.”